Màmá ní kí n fún ọmọ lómi, nọ́ọ̀sì ní kí n má dán an wò: ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìyá ìkókó kan kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn. Ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá rẹ̀, tó bí i sílé ìwòsàn ní 1988, sọ fún un pé nígbà tiwọn, àwọn nọ́ọ̀sì gan-an ló ń fún ọmọ tuntun ní omi gúlúkóòsì. Wọ́n á gbé ọmọ lọ sí yàrá tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ìkókó sí, wọ́n á sì ní kí ìyá máa fún un lọ́mú ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Ìyá àgbà tiẹ̀ ní àgbo ni. Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí rẹ̀ ní ẹ̀kán omi kan kò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ títí tó fi máa pé oṣù mẹ́fà. Ọmọ sì ń ké ṣáá nírọ̀lẹ́, gbogbo ilé ń sọ pé ọmú kò yó o. Ó wá bi mí pé: "Ṣé àwọn elétò ìlera yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, tí ọ̀rọ̀ wọn fi ń yí padà báyìí? Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?"

Ìyá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ o. Olúwa á wò ó, á dá a sí.

Ẹ gbọ́ ti nọ́ọ̀sì yín. Ọmú nìkan ni kí ẹ máa fún ọmọ. Ṣùgbọ́n Màmá kò parọ́ fún yín, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú aláìmọ̀kan wò wọ́n. Ohun tí ilé ìwòsàn kọ́ wọn ní 1988 ni wọ́n ń kọ́ yín. Ẹ wo àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e: 1989 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, àti UNICEF, àjọ àgbáyé fún àwọn ọmọdé, pa ẹnu pọ̀ gbé ìlànà mẹ́wàá lórí fífún ọmọ lọ́mú jáde fún gbogbo ilé ìgbẹ̀bí. 1990 ni ìjọba Nàìjíríà ṣe òfin nípa títa mílíìkì ìkókó. 1991 ni ètò sísọ ilé ìwòsàn di ọ̀rẹ́ ọmọ, tí wọ́n ń pè ní "Baby-Friendly", bẹ̀rẹ̀. Ọdún kan péré ni wọ́n fi bí yín ṣáájú kí ayé àwọn ilé ìgbẹ̀bí tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

Kí ilé ìwòsàn tó dé, àwọn obìnrin ilé ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ìyá abiyamọ, ìyá ọkọ, agbẹ̀bí àdúgbò, wọn kì í fi ìyá ọmọ sílẹ̀ lóun nìkan. Wọ́n á fi omi gbígbóná tẹ ikùn rẹ̀, wọ́n á bá a wẹ ọmọ, wọ́n á gbé ọbẹ̀ tó ta sánsán fún un, wọ́n á sì ní kó lọ sùn. Ọmọ a máa sùn tì í, a sì máa mu ọmú lóru bó ṣe wù ú. Ọdún méjì sí mẹ́ta lọmọ ń mu ún, bàbá ọmọ kì í sì í sún mọ́ ìyá rẹ̀ títí wọ́n á fi já ọmọ lẹ́nu ọmú, kí oyún mìíràn má baà tètè dé. Ní tèmi, kò sí ilé ìwòsàn kankan títí dòní tó tíì lè fún abiyamọ ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ibi tó kù sí ni omi, àgbo, àti rírọ. Ẹ ti lè rí bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ: wọ́n á tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n á ká àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ẹnu rẹ̀, wọ́n á da àgbo tàbí ẹ̀kọ sí i, wọ́n á dí i nímú kó lè la ẹnu gbé e mì. Ọmọ tó ń wá èémí, tó sì ń gbé nǹkan mì lẹ́ẹ̀kan náà, àgbo yẹn lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lọ. Àwọn ilé kan tún máa ń fún wàrà àkọ́kọ́ dànù, èyí tó ki tó sì pọ́n díẹ̀, wọ́n ní ó ti dọ̀tí. Bẹ́ẹ̀ wàrà yẹn gan-an ló kún fún ohun tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ àìsàn.

Báwo wá ni ilé ìwòsàn ṣe dé ibi wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin? Dókítà kan wà ní New Zealand tó ń jẹ́ Truby King, tó dá ẹgbẹ́ ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Plunket sílẹ̀ ní 1907. Òun náà fẹ́ kí ìyá fún ọmọ lọ́mú, ṣùgbọ́n ó gbà pé aago ló yẹ kó máa darí rẹ̀: wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, kò sì sí ọmú lóru. Ẹ̀kọ́ yìí tàn dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tiwa. Yàrá àwọn ìkókó náà ní ìdí tirẹ̀: wọ́n ní kí àrùn má ran ọmọ, kí ìyá sì lè sinmi. Kò sẹ́ni tó ní èrò ibi lọ́kàn.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọmú kò mọ aago. Bí ẹ bá ṣe ń fa omi kànga ni omi ṣe ń sun, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmú rí. Bí ọmọ bá mu ún tán, ara ìyá á ṣe òmíràn. Bó bá pẹ́ tí wàrà fi dúró sínú ọmú láìsí ẹni tó mu ún, ara á gbà pé wọn kò nílò rẹ̀, á sì dín iṣẹ́ kù. Èròjà ara tó ń jẹ́ kí wàrà wá, òru ló máa ń pọ̀ jù. Ẹ wá fojú inú wò ó: ọmọ wà ní yàrá kejì, wọ́n ti fi omi gúlúkóòsì kún inú rẹ̀, aago kò tíì lù, ìyá sì dùbúlẹ̀ tí ọmú rẹ̀ ń wú tí ó ń ro ó. Nígbà tí wọ́n bá fi máa gbé ọmọ dé, kò ní fẹ́ mu ún. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n á ní wàrà ìyá kò tó, wọ́n á kọ mílíìkì agolo sínú ìwé fún un. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló gbà títí dòní pé ara àwọn kò lè ṣe wàrà, bẹ́ẹ̀ ìlànà inú wọ́ọ̀dù ló gbẹ ọmú wọn.

Àwọn kan nínú iṣẹ́ ìlera rí i, wọ́n sì pariwo. Cicely Williams, dókítà obìnrin tí wọ́n bí ní Jamaica, ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tó di Gánà lónìí. Ibẹ̀ ló ti kọ ìwé nípa kwashiorkor ní 1933, àìsàn tó máa ń mú ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò tó dé. Nígbà tó wà ní Singapore ní 1939, ó dìde láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Rotary, ó sì sọ̀rọ̀ nípa àwọn ilé iṣẹ́ mílíìkì tí wọ́n ń wọ aṣọ nọ́ọ̀sì fún obìnrin, tí wọ́n ń rán wọn lọ sọ́dọ̀ abiyamọ láti polówó mílíìkì dídùn inú agolo. "Wàrà àti Ìpànìyàn" ni àkọlé ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà. Kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ rárá, mo sì bọ̀wọ̀ fún un gidigidi nítorí ìyẹn. Aṣọ funfun tí nọ́ọ̀sì ń wọ̀ ló jẹ́ kí ìyá gbà á gbọ́, wọ́n wá fi aṣọ náà ta ọjà tó ń pa ọmọ.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ará Ìbàdàn, èyí tó kàn ò jìnnà sí yín. Ní 1956, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, wá sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé nítòsí ibẹ̀, ní ìlú kékeré, láàárín àwọn àgbẹ̀. Ó rí i pé dókítà kò lè tó láéláé, nítorí náà ó fi iṣẹ́ náà lé àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́: àwọn ni wọ́n ń wọn ọmọ, tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n ń bá ìyá sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀. Káàdì tí wọ́n ń fi àmì sí, tí ìlà ìdàgbàsókè ọmọ ń gùn lọ sókè lórí rẹ̀, ibẹ̀ ló ti gbilẹ̀ kó tó tàn káàkiri ayé. Morley tẹnu mọ́ ọn pé ọwọ́ ìyá ni káàdì náà gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe inú àpótí ilé ìwòsàn. Àwọn ìyá a fi í sínú ọ̀rá, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sínú ilé, wọ́n á gbé e wá nígbà mìíràn.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ síbi káàdì yìí, torí ó máa wúlò fún yín lọ́la. Bí ìlà ọmọ bá ń gòkè, ìyá tí kò kàwé rárá lè fi ìka tọ́ ọ kó sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé, "Ẹ wò ó, ọmọ ń dàgbà, ọmú mi tó." Bí ìlà náà bá tẹ́ pẹrẹsẹ, nọ́ọ̀sì á rí i lóṣù náà kí ọmọ tó rù, á bi ìyá bó ṣe ń fún un lọ́mú, bóyá àìsàn ṣe é, bóyá oyún mìíràn ti dé. Ìwọ̀n ọmọ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe igbe rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹnu aládùúgbò.

Ìlànà àgbáyé lórí títa mílíìkì ìkókó jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 1981. Orílẹ̀-èdè 118 dìbò fún un ní Geneva, Amẹ́ríkà nìkan ló dìbò lòdì. Ohun tó wí ni pé kí wọ́n má polówó rẹ̀ fún aráàlú, kí wọ́n má fún ìyá ní agolo ọ̀fẹ́, kí wọ́n má fi ẹ̀bùn fa ojú nọ́ọ̀sì àti dókítà mọ́ra. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti ni mínísítà ìlera wa nígbà tí Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ ní 1990. Dókítà ọmọ wẹ́wẹ́ ni bàbá náà, ó sì mọ ohun tí fíídà ìdọ̀tí ń ṣe fún ọmọ tí kò sí omi tó mọ́ nílé wọn. NAFDAC ló ń mójú tó òfin náà báyìí.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1990 kan náà, àwọn aṣojú ìjọba pàdé ní Florence ní Ítálì, wọ́n fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n ń pè ní Innocenti, láti dáàbò bo fífún ọmọ lọ́mú. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀sẹ̀ Fífún-ọmọ-lọ́mú fi máa ń bọ́ sí ọjọ́ kìíní sí ìkeje oṣù kẹjọ lọ́dọọdún. Nínú wọ́ọ̀dù, ohun tó yí padà ni pé wọ́n ti yàrá àwọn ìkókó pa fún ọmọ tí ara rẹ̀ le. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, àyà ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lé, ara sí ara, kó lè mu ọmú láàárín wákàtí kan. Kò sí gúlúkóòsì, kò sí fíídà, kò sí aago. Kódà ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, àyà ìyá ni wọ́n ń so ó mọ́ báyìí, ọgbọ́n tí àwọn dókítà ilé ìwòsàn kan ní Bogotá ní Kòlóńbíà bẹ̀rẹ̀ ní 1978 nígbà tí ẹ̀rọ amúọmọgbóná kò tó.

Bí àǹtí yín kan tó bímọ ní 1996 bá sọ pé oṣù mẹ́rin ni wọ́n ní kí òun fi omi sí i, òótọ́ lòun náà sọ. Oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni ìmọ̀ràn àgbáyé nígbà náà, ọdún 2001 ni ìpàdé àjọ WHO sọ ọ́ di oṣù mẹ́fà gbáko. Ọ̀rọ̀ àrùn HIV náà yí bẹ́ẹ̀: nígbà kan wọ́n ń sọ fún ìyá tó ní i pé kó yẹra fún ọmú bó bá lè rí mílíìkì rà, ṣùgbọ́n láti 2010, ìyá tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lè fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Iṣẹ́ ìlera tí kò bá yí ọ̀rọ̀ padà nígbà tó bá rí ohun tuntun, òun ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí inú mi kò dùn sí títí dòní. Ìwádìí ìjọba ti 2018 sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ìkókó tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ní Nàìjíríà, 29 péré ló ń mu ọmú nìkan. 17 ni ní 2013, a ti gòkè díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì kéré. Kì í ṣe pé àwọn ìyá kò gbọ́. Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó sí ibi ìtọ́jú aboyún láàárọ̀ ti kọrin ọmú pẹ̀lú nọ́ọ̀sì, wọ́n ti pàtẹ́wọ́, wọ́n ti jó. Orin dára, ṣùgbọ́n orin kì í gbé ọmọ sí ọmú ní aago mẹ́ta òru. Ọwọ́ ló ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì kan lè máa bójú tó abiyamọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ kejì ni wọ́n sì ń dá wọn sílé kí wàrà tó dé dáadáa. Ibẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ ti ń já, mo sì gbà pé ibẹ̀ gan-an ló já fún ẹ̀yin náà.

Nítorí náà, ẹ padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì yín, ẹ má béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jókòó wò mí bí mo ṣe ń fún un." Èyí tó yẹ kó wò nìyí. Ikùn ọmọ gbọ́dọ̀ kọjú sí ikùn yín, kó má yí ọrùn. Ẹ gbé ọmọ wá síbi ọmú, ẹ má tẹ̀ síwájú láti gbé ọmú lọ bá ọmọ, ẹ̀yìn á máa ro yín. Ẹ fi orí ọmú kan ètè rẹ̀ òkè, ẹ dúró títí á fi la ẹnu gbàgà, kí ẹ tó fà á mọ́ra kíá. Kì í ṣe orí ọmú nìkan ló gbọ́dọ̀ wọ ẹnu rẹ̀, púpọ̀ nínú ibi dúdú tó yí i ká ló gbọ́dọ̀ wọlé, pàápàá láti ìsàlẹ̀. Àgbọ̀n rẹ̀ á kan ọmú, ètè ìsàlẹ̀ á yí síta. Lẹ́yìn fífà kíákíá ti àkọ́kọ́, ẹ ó máa gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìsinmi láàárín. Bí ó bá ń dùn yín bí ẹni fi eyín gé yín, kò wọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ ti ìka kékeré bọ igun ẹnu rẹ̀ kó tú u sílẹ̀, kí ẹ tún un ṣe. Orí ọmú tó bó kì í ṣe owó orí tí abiyamọ gbọ́dọ̀ san.

Ní ti igbe ìrọ̀lẹ́: ìkókó ọ̀sẹ̀ méjì máa ń fẹ́ mu ọmú léraléra láàárín ìrọ̀lẹ́ sí òru, á mu, á sùn díẹ̀, á tún ké. Bó ṣe ń mú kí ara yín ṣe púpọ̀ sí i nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí ìgbà méjìlá láàárín ọ̀sán àti òru kò pọ̀ jù. Òùngbẹ sì kọ́ ló ń gbẹ ẹ́: bíi 88 nínú ọgọ́rùn-ún wàrà ìyá, omi ni, kódà nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Bí ẹ bá fi omi kún inú ọmọ, ẹ ti gba àyè wàrà nìyẹn, ẹ sì lè fi àrùn inú omi kún un. Oògùn tí dókítà bá kọ fún un kò sí nínú èyí, ẹ fún un.

Ẹ ka bó ṣe ń tọ̀. Láti ọjọ́ karùn-ún, ìlédìí tó tutù dáadáa tó bíi mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọ̀sán àti òru. Ọmọ a máa dín díẹ̀ nínú ìwọ̀n rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n títí ọ̀sẹ̀ méjì ó yẹ kó ti padà sí ìwọ̀n tí wọ́n bí i pẹ̀lú. Ti yín ti pé ọ̀sẹ̀ méjì gan-an, nítorí náà ẹ gbé e lọ wọ̀n lọ́sẹ̀ yìí, ẹ mú káàdì yẹn dání, ẹ sì mú Màmá lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì fi ìlà náà han Màmá fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà tí mo ti bá sọ̀rọ̀ kò fẹ́ kí a jà fún un, wọ́n fẹ́ kí a fi hàn wọ́n ni. Ẹ sì fi iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́: wíwẹ ọmọ, gbígbé e pọ̀n lẹ́yìn tó bá yó, ẹ̀fọ́ rírò, ẹja, ẹ̀wà, omi tútù nítòsí yín nígbà tí ẹ bá ń fún un lọ́mú. Àgbo ìyá àgbà, ẹ kí wọn, ẹ dúpẹ́, ẹ má fún ọmọ.

Bí iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lẹ ń ṣe ni, oṣù mẹ́fà ni ìsinmi ìbímọ láti 2014. Ọ̀pọ̀ ibòmíràn kò tó bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kó tó. Bí ẹ bá máa tètè padà síṣẹ́, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ fún wàrà sínú ife tó mọ́ láti ìsinsìnyí, kí ọwọ́ yín ti mọ ọ́n kí ọjọ́ náà tó dé.

Ohun kan tí kò gba ìdúró: bí ọmọ kò bá fẹ́ mu ọmú mọ́, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tó tutù, tó ń mí kíákíá, tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, tí ojú rẹ̀ tàbí ara rẹ̀ pọ́n bíi iyeyè, tàbí tí kò tọ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òru. Fún ẹ̀yin fúnra yín náà, bí ọmú kan bá le, tó pọ́n, tó gbóná, tí ibà sì dé, ẹ má dẹ́kun fífún un lọ́mú ní ẹ̀gbẹ́ náà, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ yẹn kan náà.